Ìyáálé Mi àti Àmù Tó Wà ní Stọ́ọ̀

Hajarat ni orúkọ ìyáálé mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ẹbu wa ní Òkèlele, níbi tá a ti ń mọ ìkòkò, tí ẹ sì béèrè Hajarat, wọn á kọ́kọ́ máa wo ara wọn lójú. Ìyá Mùsíọ̀mù ni kí ẹ béèrè. Kódà obìnrin tó ń ta ọṣẹ dúdú lẹ́nu ọ̀nà á na ìka sí i fún yín, á sì fi ọwọ́ kejì bo ẹnu kí ẹ má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe orúkọ iyì. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni, èmi Raudah, ìyàwó kékeré ilé rẹ̀, ni mo sì fún un. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ lọ bá obìnrin yẹn gbé inú ilé kan náà ná, kí ẹ tó bá mi wí.

Ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kì í purọ́. Ẹ rò pé mò ń yìn ín ni? Wọlahi, ìyà ni. Bí mo bá se ọbẹ̀ tí gbogbo ilé ń lá ọwọ́, òun á gbé àwo kalẹ̀, á ní, "Iyọ̀ ti pọ̀ jù, àmọ́ ó sàn ju ti àná lọ." Nígbà tí mo bí Sadiya, àkọ́bí mi, tí gbogbo ẹni tó wá kí wa ń sọ pé ọmọ náà lẹ́wà bí òṣùpá, ìyáálé mi tẹjú mọ́ ọmọ, ó wò ó títí, ó ní, "Imú Alfa ni. A óò máa ṣàdúà." Alfa ni ọkọ wa, Sulaiman, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ó wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, mo sì rí i tó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀.

Lẹ́nu ọjà ńkọ́? Obìnrin kan gbé mọ́tò wá láti Basin, ó fẹ́ ra ìkòkò tí yóò gbin òdòdó sí. Ó ti ń tú báàgì, ó ku kó nawọ́. Ìyáálé mi ní, "Èyí tí ẹ mú yẹn, iná ò jẹ ẹ́ dénú. Ẹ lọ wo ti Talatu." Talatu! Ẹni tó ń mọ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí a kì í bá sọ ju sàlámọ̀ lọ!

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló wá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu tí ẹnikẹ́ni ò gbà gbọ́. Ó ní àmù òun wà ní mùsíọ̀mù.

Ọdún tí wọ́n gbé mi wọlé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ilé oníṣòwò ni wọ́n bí mi sí ní Gàmbàrí, àlùbọ́sà là ń tà, ọwọ́ mi ò kan amọ̀ rí. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ tí mo rí i pé ìkòkò ni gbogbo obìnrin ibẹ̀ ń mọ, mo ní kò burú, n óò kọ́ ọ. Ìkòkò àkọ́kọ́ tí mo mọ, mo gbé e síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, adìẹ Talatu kan lọ gùn ún. Mo sọ igi mọ́ adìẹ, Talatu sọ èébú mọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pe Mọ́gàjí sí wa. Nígbà tá a yọ ìkòkò náà nínú iná, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ ará yàrá kejì, ojú ẹsẹ̀ adìẹ sì wà níkùn rẹ̀ kedere. Gbogbo ẹbu fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún, mo di ẹrù mi. Mo ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Gàmbàrí ni mò ń lọ.

Ilẹ̀ mọ́. A kírun Àsùbáà tán, ìyáálé mi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó ní, "Ìyàwó, tú ẹrù ẹ. Ìkòkò ẹ ti tà. Oníbàárà kan ti gbé e lọ."

Mo tú ẹrù. Kí ni mo tún ń wá lọ sí Gàmbàrí? Ẹ béèrè yí Òkèlele ká, kò sí ẹni tí ìkòkò àkọ́mọ rẹ̀ tà lọ́jọ́ tó jáde nínú iná, àfi èmi. N kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Lásìkò yẹn náà ni obìnrin kan láti mùsíọ̀mù wá sí ẹbu wa pẹ̀lú mọ́tò ìjọba. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti kú nìkan ló yẹ kó wà ní mùsíọ̀mù, àwọn fẹ́ ti àwọn tó ṣì ń mí. Ìyáálé mi ní ó ra àmù ńlá kan lọ́wọ́ òun, èyí tí òun fi ṣùkù àgbàdo fín lọ́rùn yíká lọ́nà tí ọwọ́ ẹlòmíì ò lè fín in. Ó ní wọ́n gbé e lọ. Láti ìgbà náà, ojú ò tún kan àmù yẹn mọ́.

Hamzah, ọmọ ìyáálé mi, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo mùsíọ̀mù náà nígbà tó wà nílé ìwé. Ó rí idà, ó rí adé, ó rí àga òyìnbó kan tó ti kú. Kò rí àmù ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ó wà ní stọ́ọ̀. Ìyáálé mi fúnra rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n ní ó wà ní stọ́ọ̀. Ṣé òun lè wọ stọ́ọ̀ náà? Wọ́n ní rárá, ohun iyebíye ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá máa wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì ti lọ fún ìsinmi. Ọdún ń gorí ọdún, a ò gbọ́ pé ọ̀gá ti ti ìsinmi dé. Wọ́n ra ìkòkò kí gbogbo ayé lè rí i, wọ́n wá tì í mọ́lé kí gbogbo ayé má bàa fọ́ ọ. Èmi ò kàwé, ó lè jẹ́ pé ọgbọ́n wà nínú ẹ̀.

Bí ìyáálé mi ṣe di Ìyá Mùsíọ̀mù nìyẹn. Bí a bá ń jà, mo mọ ibi tí mo ti máa ń mú un. Mo máa ń ní, "Èmi, ìkòkò mi tà, ẹni tó rà á ń lò ó nílé rẹ̀. Tiyín ń bẹ ní stọ́ọ̀ àwọn ìjọba, ẹ̀yin àti málékà lẹ jọ ń rí i." Á kàn wò mí bákan, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ títí Ìyá Ẹbu fi kú. Ìyá Ẹbu ni olórí wa. Òun ló ń pín ọjọ́ tí oníkálukú máa sun ìkòkò, òun ló ń parí ìjà, òun ló sì ń bá àwọn oníbàárà ńlá àti ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wa. Ìyáálé mi ló kàn. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a pàdé lábẹ́ búkà láti fẹnu kò, Talatu dìde. Òun ló tẹ̀ lé ìyáálé mi lọ́jọ́ orí.

Talatu ní, "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Àmọ́ ẹni tó máa fẹnu ẹbu yìí bá ìjọba sọ̀rọ̀, ṣé kò yẹ kí á lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu òun fúnra ẹ̀ gbọ́? Àmù tó ń wí látọjọ́ yìí, ta ló rí i? Raudah, ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń gbélé, ṣé o rí i?"

Kí ni kí n sọ? Mi ò rí i. Mo wolẹ̀. Talatu ní kí ìyáálé mi fi àmù náà han àwọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jẹ́ kí ẹlòmíì jẹ oyè náà. Àwọn obìnrin ní kí wọ́n fún un láyè di ìparí oṣù.

Ìyáálé mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ro àmàlà, mo gbé e lọ síwájú ẹ̀, kò tiẹ̀ wí pé ó le jù. Ẹ̀rù bà mí. Ó ní, "Ìyàwó, kì í ṣe oyè yẹn. Tí mo bá kú báyìí, wọ́n á ní òpùrọ́ kan ló kú." Omi wà lójú ẹ̀. Inú mi bàjẹ́, inú sì bí mi sí Talatu. Èmi lè fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ilé wa la wà. Ta ló ní kí òun dá sí i?

Ọlọ́run wá ṣe sábàbí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni rédíò gbé Dókítà Kọ́lápọ̀ sáfẹ́fẹ́, ọ̀gá tuntun ní mùsíọ̀mù, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, tó lọ kàwé ìkòkò dé òkè òkun. Ó ní àwọn fẹ́ ṣí stọ́ọ̀ àwọn sílẹ̀ fún mùtúmùwà, kí ará ìlú lè máa wọlé wo gbogbo ìkòkò tó wà níbẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ wó ìdènà tó wà láàárín ará ìlú àti ohun ìní wọn. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìdènà yẹn títí ó fi sú mi. Mo bi rédíò léèrè pé ta ló gbé ìdènà ọ̀hún síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rédíò ò dá mi lóhùn, ó lọ sí ìpolówó ọjà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, gbogbo ẹbu ló lọ. A há ara wa mọ́ inú kẹ̀kẹ́, a gba Ọjà-Ọba kọjá. Talatu wọ léèsì tó rà fún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ìyáálé mi wọ àǹkárá tó máa ń wọ̀ lọ kí olókùú. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, ilẹ̀ ṣì tutù.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá wa dúró. Ó ní, "Ará ìlú ni wọ́n ṣí i fún o."

Mo ní, "Àwa ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni ará ìlú kẹ̀. Àmọ́ ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò pàtàkì kọ́kọ́ wọlé."

A bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlejò pàtàkì ń kọjá, wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn. Oòrùn ti gun orí wa kí ìdènà tó wó.

A wọlé. Subuhanallahi! Pẹpẹ dé òrùlé, ìkòkò lórí pẹpẹ, oríṣiríṣi. Ibi tí ẹ bá yíjú sí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun. Amọ̀kòkò wo ló lè kọjá lára ìkòkò láì fi ìka kàn án? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ká mọ̀ bóyá ó ti sán. Ká tó ṣẹ́jú, kó-kó-kó, kó-kó-kó, gbogbo stọ́ọ̀ ti ń dún. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń sáré láti pẹpẹ dé pẹpẹ. "Mama, ẹ jọ̀ọ́! Mama, ọwọ́ yín!" Bí wọ́n bá mú ọwọ́ ẹnì kan kúrò, ọwọ́ ẹlòmíì á ti dé ìkejì. Talatu tiẹ̀ tọ́ka sí abọ́ kan lókè, ó ní èló ni wọ́n máa gbà níbẹ̀ gangan. Ọkùnrin náà ní kì í ṣe títà. Talatu ní òun mọ̀, gbogbo oníṣòwò ló máa ń kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀.

Ìyáálé mi nìkan ni kò kan nǹkan kan. Ó ń rìn lọ láàárín àwọn pẹpẹ, ó ń wò, ó ń wò. Mo rí i tó dé òpin, tó tún padà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láàárín stọ́ọ̀, wọ́n gbé ohun kan sórí òpó kékeré, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n tan iná sí i lórí. Dókítà Kọ́lápọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó ní kí á súnmọ́ òun, pé èyí ni ọkàn gbogbo ohun tí àwọn kó jọ. Ó ṣí aṣọ. Gíláàsì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkòkò mi ló wà nínú gíláàsì.

Òun ni. Ó ṣì tẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ adìẹ ṣì wà níkùn rẹ̀. Mo di ejìká ẹni tó wà níwájú mi mú.

Dókítà sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe tẹ̀. Ayé ní kí gbogbo ìkòkò dúró ṣánṣán, amọ̀kòkò yìí ní rárá. Ẹ sì wo ibi tó tẹ̀ sí. Gábàsì ni. Ìkòkò yìí dojú kọ Kábà."

Àwọn àlejò pàtàkì ní mà ṣà Allahu, fóònù gbéra sókè. Ẹnì kan ń nu ojú. Èmi wo ìkòkò, mo wo òpó. Bí wọ́n bá yí i síhìn-ín díẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò dojú kọ.

"Àti àmì yìí," Dókítà fi ìka funfun tọ́ka, "ẹyẹ mímọ́ ni. Ẹyẹ tó ń so ayé pọ̀ mọ́ ọ̀run."

Ẹnì kan já mi ní èékánná lápá. Talatu ni. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ṣé kì í ṣe adìẹ mi nìyẹn?"

Mo ní, "Òun ni."

"Èyí tó o sọ igi mọ́?"

"Òun náà ni."

Dókítà ní ohun tó ń dun àwọn ni pé àwọn mọ̀ pé Òkèlele ni ìkòkò náà ti wá, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á wọlé ò fi orúkọ ẹni tó mọ ọ́n sílẹ̀. Ó kọjú sí wa. "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹnì kan nínú yín mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo àwọn obìnrin wa wo ìyáálé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan pariwo, "Ìyá Hamzah nìyí! Òun ló ti ń wí látọjọ́ pé ìkòkò òun wà níbí! Áà, a ti jẹ̀bi obìnrin yìí!" Kámẹ́rà yí sí i. Àwọn àlejò pàtàkì yà fún un lọ́nà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: obìnrin yìí ò ní láti purọ́. Kó ṣáà ti dákẹ́ ni. Kó dákẹ́, kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ìyá Ẹbu ti dé nìyẹn. Èmi fúnra mi ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé dákẹ́, dákẹ́, jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ìyáálé mi wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́. Ìyàwó mi ni, Raudah, òun ló wà lẹ́yìn yẹn. Ìkòkò àkọ́mọ ẹ̀ ni. Adìẹ ló tẹ̀ ẹ́."

Dókítà ní, "Adìẹ... lọ́nà àpèjúwe?"

"Adìẹ Talatu."

Dókítà wo ìkòkò, ó wò mí, ó wo Talatu. Ẹni tó kàwé dé òkè òkun kì í ṣubú kó má dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ ò rí i! Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ènìyàn àti ẹ̀dá inú ayé!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fà mí síwájú, wọ́n fa Talatu náà síwájú gẹ́gẹ́ bí aṣojú adìẹ, wọ́n ń ya wá ní fọ́tò.

Inú mi ń dùn, kí n má purọ́. Àṣé mùsíọ̀mù ni oníbàárà tó ra ìkòkò mi! Gbogbo ọdún yẹn! Mo na ọrùn fún kámẹ́rà.

Talatu ò tíì gbàgbé ohun tó bá wá ṣá. Fọ́tò kò tíì parí tó fi yíjú sí ìyáálé mi. "Ìyá Hamzah, ti Raudah nìyí. Tiyín wá dà?"

Dókítà ní èyí nìkan ni ti Òkèlele tó wà lórí pẹpẹ àwọn. Ìyáálé mi ká gèlè rẹ̀ mọ́rí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì dà bíi pé ó ti dàgbà sí i látìgbà tá a ti wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Tó. Ó dákẹ́. Tó. Láti igun tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ta kọ́tìnì sí. Inú ti ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí n óò fi í kàn, mo bá gba ibẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà pariwo, "Mama, ibẹ̀ ò sí lára ohun tẹ́ ẹ máa wò o! Ibi tí òrùlé ti ń jò ni!"

Mo fa kọ́tìnì. Òrùlé ń jò lóòótọ́. Lábẹ́ rẹ̀, àmù ńlá kan ló jókòó síbẹ̀, omi kún un dé ọrùn, wọ́n ti igi tí wọ́n fi ń nulẹ̀ bọ inú rẹ̀, wọ́n sá àkísà sí etí rẹ̀. Mo fa igi yọ. Mo ká àkísà sọnù. Ìlà ṣùkù àgbàdo yí ọrùn rẹ̀ po.

Mo lọgun. "Ẹ wá o! Ẹ̀yin ará Òkèlele, ẹ wá wo àmù Hajarat!"

Wọ́n wá. Okùn tí wọ́n fi dínà, wọ́n gorí ẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó béèrè ta ló mọ ọ́n. Talatu fúnra ẹ̀ fi ìka tọ ìlà ọrùn rẹ̀ yíká, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìyáálé mi lè ráyè.

Dókítà dé, ó ń làágùn. Ó ní òun bá a níbẹ̀ ni. Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà ní òun náà bá a níbẹ̀ ni. Mo ní ìgbà wo ni òrùlé ti ń jò. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ìyáálé mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ gbá abẹ́ àmù náà yíká, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tún fi pa ilẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti padà sí bó ṣe máa ń rí. Ó ní, "Kò jò."

Dókítà ní kíákíá, kí wọ́n gbé e lọ sínú gíláàsì. Ìyáálé mi ní, "Bí ẹ bá gbé e, kí ni yóò máa gba omi?" Wọ́n ronú sí i. Ẹ lọ wò ó lónìí, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Wọ́n ti fa okùn aláràbarà yí i ká, wọ́n kọ orúkọ Hajarat sí i gàdàgbà, wọ́n tan iná sí i. Wọn ò tíì tún òrùlé ṣe. Wọ́n ní bí òrùlé ò bá jò mọ́, àfihàn náà ò ní nítumọ̀.

Nígbà tá a ń darí sílé nínú kẹ̀kẹ́, ẹnu mi ò dúró. Mo ní, "Ìyá Hamzah, ẹ ṣeun gan-an! Mùsíọ̀mù ló ra ìkòkò mi, ẹ ò sọ fún mi! Ìlara ni, àbí kí ni?" A ti fẹ́ẹ̀ dé Ọjà-Ọba kó tó lanu.

"Kò tà."

"Kí ni kò tà?"

"Ìkòkò ẹ. Obìnrin mùsíọ̀mù yẹn ná àmù mi títí, mi ò dín in kù. Ó ní kí n fún òun ní ènì. Tìẹ ló wà nítòsí. Ènì ni."

Inú bí mi, ó sì dùn mí débi pé mi ò mọ èyí tó ju èyí lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ń yangàn! Mo ní, "Ẹ purọ́ fún mi."

Ó ní, "Mo purọ́ fún ẹ. Òun nìkan ni mo pa rí."

"Kí ló dé?"

"O ti di ẹrù. Èmi nìkan ni mo sì ń fẹsẹ̀ po amọ̀ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ń ro mí." Ó yíjú síta, ó ń wo àwọn tó ń tajà. "Àti pé ilé ti máa ń dákẹ́ jù kó o tó dé."

Obìnrin tí kì í purọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ débi pé ẹni tó ń wà wá gbé ohùn rédíò sókè kí ojú má bàa tì mí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún pàdé lábẹ́ búkà. Talatu dìde. Ó ní òun ti rí àmù, òun ò ní ohun tí òun ń bá fà mọ́. Ó ku ìbéèrè tá a máa ń bi ara wa kí ẹnikẹ́ni tó jẹ Ìyá Ẹbu. Ó ní, "Ṣé ẹnì kan wà níbí tí Hajarat ti purọ́ fún rí? Kó wí i báyìí, kó má di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn."

Ẹ̀gbẹ́ ìyáálé mi ni mo jókòó sí. Mo rí i tó ká ìró rẹ̀ mọ́dìí. Ó ń dìde lọ wí i! Obìnrin yìí fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ba tiẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo ayé! Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dìde ṣáájú rẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo bá a gbélé. Bó bá purọ́ fún ẹnikẹ́ni, èmi ni ì bá pa á fún. Kò purọ́ fún mi rí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó sọ fún mi lọ́dún tí mo wọlé, ó ní ìkòkò mi tà, ó ní oníbàárà gbé e lọ. Gbogbo yín ti rí ibi tí oníbàárà gbé e sí."

Ẹ̀rín sọ, Talatu náà rẹ́rìn-ín. Ó pariwo pé, "Ìyá Ẹbu o!" Gbogbo búkà gbà á.

Ìyáálé mi rọra fẹnu sí mi létí nínú ariwo náà. "Ìyàwó, o purọ́."

Mo ní, "Ènì ni." Mi ò sì gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi ṣàdúà tán.